Agbẹjọ́rò qui tam ní Amẹ́ríkà: ṣé iṣẹ́ wọn tó ìdá 40 tí wọ́n ń gbà?

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò tó ń gba ẹjọ́ qui tam ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹjọ́ tí ẹnì kan pè lórúkọ ìjọba lórí owó ìjọba tí wọ́n fi irọ́ gbà, ló ń fi gbólóhùn kan náà polówó ara wọn: ẹ ò ní san sẹ́ǹtì kan àfi tí a bá borí. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í tètè sọ ni pé tí wọ́n bá borí, ìdá 30 sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kan ẹni tó tú àṣírí ló ń wọ àpò tiwọn, wọ́n sì tún lè gba owó mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ kan náà. Iṣẹ́ wọn ni à ń gbé yẹ̀ wò níbí, láti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan bá kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago títí dé ọjọ́ tí owó wọlé tàbí tí kò wọlé rárá.

Òfin tí gbogbo rẹ̀ dúró lé ni False Claims Act. Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1863, nígbà ogun abẹ́lé, torí àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń rẹ́ ìjọba jẹ lórí ohun èlò àwọn ọmọ ogun. Àtúnṣe ọdún 1986 ló fún un ní eyín. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lè lọ pe ẹjọ́ lórúkọ ìjọba. Olùjẹ́jọ́ tó bá jẹ̀bi á san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìjọba pàdánù, pẹ̀lú ìtanràn láti $14,308 sí $28,619 lórí ìwé owó kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ irọ́ (iye ti ọdún 2025 nìyẹn). Tí Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ bá gba ẹjọ́ náà ṣe, ìdá 15 sí 25 nínú owó tó wọlé ni ti ẹni tó tú àṣírí. Tí wọn ò bá gbà á, tó dá a ṣe títí tó fi borí, ìdá 25 sí 30 ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí ibi ìṣirò ni ìpolówó ti ń tan èèyàn jù. Ilé ìwòsàn tó fi 1,000 ìwé owó irọ́ ránṣẹ́ sí Medicare (ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà), tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ $200, gba $200,000 tí kò tọ́ sí i. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ $600,000. Ṣùgbọ́n ìtanràn tó kéré jù lórí 1,000 ìwé jẹ́ $14,308,000. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í fi dúró de ìdájọ́. Wọ́n á bá ìjọba dúnàá dúrà, iye tí wọ́n sì sábà máa ń fẹnu kò sí kì í jìnnà sí ìlọ́po méjì àdánù. Nítorí náà, lọ́yà tó bá ń fi ìlọ́po mẹ́ta àti ìtanràn ṣírò owó yín ń tàn yín lásán ni. Ìṣirò tó sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rí báyìí: àdánù $5 mílíọ̀nù, wọ́n yanjú ẹ̀ sí $10 mílíọ̀nù, ìdá 18 tiyín jẹ́ $1.8 mílíọ̀nù, agbẹjọ́rò yọ ìdá 40, ìyẹn $720,000, ó ku $1,080,000 kí owó orí tó dé.

Ẹ ò sì lè sọ pé ẹ máa ṣe é láìsí wọn. Ẹjọ́ ìjọba ni, kì í ṣe tiyín nìkan, nítorí náà àwọn ilé-ẹjọ́ kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà dá a rò. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ninth Circuit sọ bẹ́ẹ̀ gbangba ní 2007 nínú ẹjọ́ Stoner.

Iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ fi wọ̀n wọ́n

Ìwé méjì ni wọ́n máa kọ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: ìwé ìpẹ̀jọ́ fún kóòtù, àti ìwé àlàyé ẹ̀rí fún ìjọba, tó gbọ́dọ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rí pàtàkì tó wà lọ́wọ́ yín jọ. Ìwé kejì yìí ni a fi ń mọ lọ́yà tó mọṣẹ́. Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níwájú àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó máa kà á. Ní ọdún ìṣúná 2024 nìkan, 979 ẹjọ́ qui tam ni wọ́n pè, kò sì sí ọdún kankan ṣáájú rẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá kún fún ìbínú àti orúkọ òfin, tí kò sí ìwé owó kan nínú rẹ̀, á sùn síbẹ̀ ni.

Ohun tó yẹ kí olùkà bá nínú rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó pàṣẹ, ọjọ́ tó pa á, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe é, ètò ìjọba tó sanwó (Medicare, Medicaid tó wà fún àwọn tí kò lówó, TRICARE tó wà fún àwọn ológun àti ẹbí wọn, tàbí àdéhùn iṣẹ́ ológun, pẹ̀lú nọ́ńbà àdéhùn náà), ìwé owó bíi mélòó kan tó jẹ́ àpẹẹrẹ, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kí ìjọba fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, àti ibi tí àkọsílẹ̀ tó kù wà lórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́. Òfin 9(b) nínú ìlànà kóòtù àpapọ̀ fẹ́ kí ẹ̀sùn jìbìtì ṣe pàtó. Ẹjọ́ tó bá sọ pé "wọ́n máa ń ṣe é déédéé" láìtọ́ka sí ọjọ́ àti ìwé owó, ibẹ̀ ni adájọ́ ti ń dà á nù.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ láàárín lọ́yà méjì ṣe máa ń hàn. Kóòdù 99215 ni dókítà fi ń gba owó lórí ìbẹ̀wò tó nira jù lọ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn tó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ àkókò ló fi yan kóòdù náà, ó gbọ́dọ̀ lo ìṣẹ́jú 40, ó kéré tán. Dókítà tó fi í gba owó lórí aláìsàn 40 lọ́jọ́ kan ti lo 1,600 ìṣẹ́jú, ìyẹn wákàtí 26 àti ìṣẹ́jú 40, nínú ọjọ́ tó ní wákàtí 24. Lọ́yà tí kò mọ iṣẹ́ owó ìlera á sáré kọ ìyẹn sílẹ̀, á rò pé ọwọ́ ti bà á. Èyí tó mọ̀ ọ́n á rántí pé dókítà lè fi bí ìpinnu ìtọ́jú ṣe díjú tó yan kóòdù náà, láìka àkókò sí, nítorí náà ìṣirò wákàtí nìkan kò lè mú un. Á béèrè fún àkọsílẹ̀ ìtọ́jú aláìsàn mẹ́wàá, á wò ó bóyá ọ̀fìnkìn lásán ló wà níbẹ̀, á sì wá lẹ́tà tàbí ìpàdé tí ọ̀gá kan ti ní kí gbogbo wọn máa lo 99215. Ìyẹn ló ń yọ jìbìtì kúrò lára àṣìṣe, nítorí òfin fẹ́ kí ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ di ojú, tàbí kó má bìkítà bóyá òótọ́ ni. Nínú ìdájọ́ SuperValu ní 2023, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí olùjẹ́jọ́ gbà gbọ́ nígbà tó ń fi ìwé owó ránṣẹ́ la máa wò, kì í ṣe àlàyé tó wá hun nígbà tó dé kóòtù.

Ìbéèrè kejì tí lọ́yà gidi kì í gbàgbé ni èyí: ká ní ìjọba mọ̀, ṣé kò ní san owó náà? Láti ìgbà ìdájọ́ Escobar ní 2016 ni kókó yìí ti ń pa ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti mọ̀ nípa àṣìlò náà tó sì ń sanwó lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn pé kò já mọ́ nǹkan kan lójú ìjọba. Iléeṣẹ́ tó bá gba ẹjọ́ yín láìbéèrè ohun tí ìjọba ti mọ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kìíní.

Lórí fáìlì, ẹ lè fi gbólóhùn kan dán wọn wò. Ẹ béèrè pé, "Kí ni kí n kó wá?" Èyí tó bá dáhùn pé "gbogbo ohun tí ẹ bá rí," ẹ fi í sílẹ̀. Ìlànà ìpamọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn, 45 CFR 164.502(j), gba òṣìṣẹ́ láàyè láti fi àkọsílẹ̀ han lọ́yà rẹ̀ tàbí àjọ tó ń bójú tó ètò ìlera nígbà tó bá gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé wọ́n ń rú òfin. Èyí kò sọ pé kí ẹ da gbogbo àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn sínú fláàṣì. Ohun tó bá gba ọwọ́ yín kọjá lẹ́nu iṣẹ́, tó sì kan jìbìtì náà, ni kí ẹ mú. Ẹ má ṣí dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Lẹ́tà tí iléeṣẹ́ àti lọ́yà rẹ̀ kọ síra wọn léwu jù. Tó bá wọ inú àpótí ẹ̀rí, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba lè ní láti dúró kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, ìyẹn sì lè dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kí ẹ tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ bi wọ́n nípa òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ wà. Ní California àti Florida, gbogbo ẹni tó wà lórí ìpè náà ló gbọ́dọ̀ gbà.

Ó tún yẹ kí wọ́n bi yín, ní àkókò tó yẹ tí ẹ kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, nípa ipa tí ẹ̀yin fúnra yín kó. Ẹni tó gbèrò jìbìtì náà tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kóòtù lè dín owó rẹ̀ kù. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi ọ̀ràn lórí rẹ̀, kò ní gba nǹkan kan. Lọ́yà tí ojú ń tì láti béèrè kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín.

Ìyára àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Àtètèdé odò ló ń pọn omi tó tòrò, òfin yìí sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó dé ṣìkejì kò ní pọn omi kankan. Tí ẹlòmíràn bá ti pe ẹjọ́ lórí jìbìtì kan náà, tí ẹjọ́ náà sì wà nílẹ̀, tiyín kò lè dúró, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀rí yín ló dára jù. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn tàbí ìròyìn ìjọba àpapọ̀, ẹ máa ní láti fi hàn pé ẹ jẹ́ orísun àkọ́kọ́ fún un. Ọdún mẹ́fà láti ọjọ́ tí wọ́n rú òfin ni gbèdéke, ó sì lè gùn dé ọdún mẹ́wàá bí ìjọba ò bá tètè mọ̀. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó sọ pé òun ń "yẹ̀ ẹ́ wò" fún oṣù mẹ́rin láìfún yín lésì ń fi ẹ̀tọ́ yín ṣeré. Èyí tó fẹ́ pe ẹjọ́ lọ́jọ́ kẹta tí ẹ pàdé náà kò ní tíì rí àkọsílẹ̀ tó máa la Òfin 9(b) kọjá. Ẹ béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lò, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá pe ẹjọ́, èdìdì á bò ó. Ọjọ́ 60 ni òfin sọ, àmọ́ ìjọba máa ń tọrọ àfikún lọ́dọ̀ adájọ́, ó sì sábà máa ń di ọ̀pọ̀ ọdún. Olùjẹ́jọ́ kò mọ̀ pé ẹjọ́ wà. Ẹ̀yin náà ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ máa ṣọ́ lọ́yà yín pẹ̀lú: nínú ẹjọ́ State Farm tó dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 2016, lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ nígbà náà ló fi ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ èdìdì tó àwọn oníròyìn létí. Kóòtù ní ìyẹn nìkan kò tó láti pa ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi owó ara rẹ̀ dán irú ìyẹn wò?

Àsìkò èdìdì yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn ti ń mẹ́hẹ jù. Wọ́n á dákẹ́. Oníbàárà á gbà pé nǹkan ń lọ, tó sì jẹ́ pé kò sí ẹni tó pe agbẹjọ́rò ìjọba láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Iṣẹ́ tó tọ́ rí báyìí: wọ́n á múra yín sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ àti àwọn olùṣèwádìí, wọ́n á jókòó pẹ̀lú yín níbẹ̀, wọ́n á bá ìjọba to àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́, wọ́n á sanwó onímọ̀ ìṣirò tó bá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi ibi tí ọ̀rọ̀ dé tó yín létí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta yẹn wà nínú àdéhùn.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba á sọ bóyá òun gba ẹjọ́ tàbí òun kọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ń kọ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ, àmọ́ inú èyí tí wọ́n gbà ni ọ̀pọ̀ jù lọ owó tó ń wọlé ti sábà máa ń wá. Bí wọ́n bá ti kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò á kó ẹrù wọn. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ bí àdéhùn bá gbà wọ́n láàyè, torí ẹjọ́ tí ìjọba ò sí nínú rẹ̀ lè jẹ mílíọ̀nù dọ́là lórí àwọn onímọ̀ àti ìwé. Ohun tó burú ni kí oníbàárà má mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ewu mìíràn tún wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín: ìjọba lè wá ní kí adájọ́ fagi lé ẹjọ́ náà (ìdájọ́ Polansky, 2023), bí olùjẹ́jọ́ bá sì borí, tí kóòtù rí i pé ẹjọ́ asán tàbí ti ìyọlẹ́nu ni, ẹ̀yin ni wọ́n lè ní kí ẹ san owó lọ́yà rẹ̀.

Ìpolówó wọn, àti bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò

"A ti gba bílíọ̀nù dọ́là padà." Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lójú. Nígbà tí Pfizer fara mọ́ $2.3 bílíọ̀nù ní 2009, $1.3 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀ràn dídá, tí kì í sí ìpín ẹni tó tú àṣírí nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́fà tó tú àṣírí pín owó tó lé ní $102 mílíọ̀nù. Owó ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò tó kópa díẹ̀ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ odindi $2.3 bílíọ̀nù sójú ewé ara rẹ̀.

Ẹ lọ sórí PACER, ibi ìwé ẹjọ́ àwọn kóòtù àpapọ̀. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni ojú ewé kan, kì í ju $3 lọ lórí ìwé kan, bí ohun tí ẹ lò láàárín oṣù mẹ́ta kò bá sì ju $30 lọ, wọn kò ní gba nǹkan kan. Ẹ wá orúkọ lọ́yà yẹn gan-an, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ nìkan. Ẹ wo ẹjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí èdìdì rẹ̀ ti ṣí: ṣé ìjọba gbà á? Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ṣé ó dúró tàbí ó sá? Ẹ̀sùn tó kọ, ṣé adájọ́ dà á nù lórí 9(b)? Èyí ń sọ òótọ́ ju àwọn ìràwọ̀ márùn-ún tí oníbàárà fi sílẹ̀ lọ.

Ẹ tún wò ó bóyá qui tam nìkan ni wọ́n mọ̀. Òfin yìí kò kan owó orí àpapọ̀. Ìyẹn jẹ́ ti IRS, àjọ tó ń gba owó orí àpapọ̀, Fọ́ọ̀mù 211, ìdá 15 sí 30 nígbà tí owó tó wà nílẹ̀ bá ju $2 mílíọ̀nù lọ. Jìbìtì lórí ìpín ìdókòwò jẹ́ ti SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò, ìdá 10 sí 30 nígbà tí owó ìjìyà bá ju $1 mílíọ̀nù, ẹ sì lè fi orúkọ pamọ́ níbẹ̀ nípasẹ̀ lọ́yà. Nínú qui tam, bí èdìdì bá ti ṣí, orúkọ yín sábà máa ń di ti gbogbo ayé. Lọ́yà tí kò sọ èyí fún yín ní ìpàdé àkọ́kọ́ ti fi nǹkan pamọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó ń dùn wọ́n lọ́kàn báyìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, adájọ́ kóòtù àpapọ̀ kan ní Middle District of Florida ní, nínú ẹjọ́ Zafirov, pé ìlànà qui tam ta ko òfin ìpìlẹ̀, torí kò sí ẹni tó yan olùpẹ̀jọ́ sípò òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Eleventh Circuit. Òfin jẹ́ kí ẹ pe ẹjọ́ níbikíbi tí olùjẹ́jọ́ ti ń ṣòwò, nítorí náà lọ́yà tó ń fọkàn ṣe iṣẹ́ á ṣàlàyé fún yín ìdí tó fi yan kóòtù kan dípò òmíràn.

Àdéhùn owó

Iye ìdá tí wọ́n kọ sókè kò tó láti fi ṣe ìpinnu. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa yọ ìnáwó kúrò kí wọ́n tó ṣírò ìdá wọn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Lórí $1.8 mílíọ̀nù tí ìnáwó rẹ̀ jẹ́ $200,000, ìdá 40 lórí gbogbo rẹ̀ jẹ́ $720,000, lórí èyí tó kù lẹ́yìn ìnáwó, $640,000 ni. Ẹ béèrè ta ló máa jẹ owó lọ́yà tí òfin ní kí olùjẹ́jọ́ san. Àwọn kan máa ń gba ìyẹn, wọ́n á tún gba ìdá 40 wọn ní kíkún. Àwọn tó dára máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ jẹ wọ́n. Ẹ béèrè ẹni tó máa ru ìnáwó bí ẹjọ́ bá fìdí rẹmi, àti bóyá ìdá náà á lé bí wọ́n bá pe iléeṣẹ́ kejì sí i.

Bí wọ́n bá lé yín níbi iṣẹ́, ẹ̀sùn ìgbẹ̀san jẹ́ tiyín nìkan: ìpadàsíbi iṣẹ́, owó oṣù tí ẹ pàdánù ní ìlọ́po méjì pẹ̀lú èlé, àti owó lọ́yà, láàárín ọdún mẹ́ta. Kò nílò kí ẹjọ́ jìbìtì borí kó tó dúró. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ qui tam kò fẹ́ràn rẹ̀ torí owó rẹ̀ kéré, wọ́n á sì jẹ́ kí ọdún mẹ́ta náà kọjá. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn lọ́tọ̀. Ní ti owó orí, gbogbo ìpín yín ni IRS ń kà sí owó tó wọlé fún yín, ṣùgbọ́n òfin gbà yín láàyè láti yọ owó lọ́yà kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò. Oníṣirò tí kò mọ èyí á jẹ́ kí ẹ san owó orí lórí owó tí ẹ kò fojú rí.

Ní tiwa, ìdá 40 tọ́ sí iléeṣẹ́ tó bá gbé ẹjọ́ tí ìjọba kọ̀ lọ dé ìparí, pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Kò tọ́ sí èyí tó kọ ìwé kan, tí ìjọba sì gba iṣẹ́ tó kù ṣe. Ẹ ní kí wọ́n pín in: ìdá 33 bí ìjọba bá gbà á, 40 bí wọ́n bá dá a ṣe. Ẹni tó bá ní ìwé owó àti lẹ́tà ọ̀gá lọ́wọ́ lágbára tó láti béèrè bẹ́ẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.